Bọ́ọ̀lù Tí A Dá Padà: Ìwà Ọmọlúàbí Kéékèèké Lórí Pápá Ìṣeré

Nínú eré bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá, ohun kan wà tí ó wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ òǹwòran kì í kọbi ara sí i mọ́. Agbábọ́ọ̀lù kan ṣubú, ó di ẹsẹ̀ mú, ó ń japoró lórí koríko. Rẹfirí kò tíì fọn fèrè. Ẹni tí bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ìbáà jẹ́ ará ẹgbẹ́ rẹ̀ tàbí alátakò, a mọ̀ọ́mọ̀ gbá bọ́ọ̀lù náà síta kí àwọn olùtọ́jú lè ráyè wọlé. Nígbà tí ẹni tí ó farapa bá dìde tán, ẹgbẹ́ kejì ni ó ní ẹ̀tọ́ láti ju bọ́ọ̀lù wọlé. Ṣùgbọ́n wọn kì í lo ẹ̀tọ́ náà. Wọn a dá bọ́ọ̀lù padà fún àwọn tí wọ́n gbá a síta, àwọn òǹwòran a pàtẹ́wọ́ díẹ̀, eré a sì máa bá a lọ.

Kò sí ibi tí a kọ èyí sí nínú ìwé òfin bọ́ọ̀lù. Ohun tí òfin sọ ni pé kí rẹfirí dá eré dúró bí ìpalára náà bá le, kí ó sì jẹ́ kí eré máa lọ bí kò bá le. Ní ọdún 2019, wọ́n tún apá kan òfin ṣe, tí ó fi jẹ́ pé bí rẹfirí fúnra rẹ̀ bá dá eré dúró, ẹgbẹ́ tí bọ́ọ̀lù kàn kẹ́yìn ni yóò dá a padà fún ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ agbábọ́ọ̀lù ni ó gbá a síta láti fi ṣàánú ẹlòmíràn, òfin kò ní ohunkóhun láti sọ. Ibẹ̀ ni òfin parí sí, ibẹ̀ náà sì ni ẹ̀kọ́ ilé ti ń bẹ̀rẹ̀.

Kí àwọn ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá tí ń ṣètò ìdíje fún àwọn ọ̀dọ́ wọn lè mọ bí irú ìwà kékeré báyìí ti wúwo tó, ó yẹ kí wọ́n gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan tí ẹnìkan kò rántí dá bọ́ọ̀lù padà. Ọmọ Nàìjíríà sì ni ọ̀rọ̀ náà kàn gbọ̀ngbọ̀n.

Ní ọjọ́ 13, oṣù Kejì, ọdún 1999, Arsenal gba Sheffield United lálejò ní pápá Highbury ní ìlú London, nínú ìpele karùn-ún ìdíje ife ẹ̀yẹ FA. Arsenal wà lára àwọn ẹgbẹ́ tí ó lókìkí jù lọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Ìpele kejì ni Sheffield ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Ọjọ́ yẹn ni Nwankwo Kanu, balógun ikọ̀ Nàìjíríà tí ó gba àmì ẹ̀yẹ wúrà ní ìdíje Òlíńpíìkì Atlanta ní ọdún 1996, kọ́kọ́ wọ aṣọ Arsenal sórí pápá. Arọ́pò ni ó bá wọlé. Ayò kan sí ẹyọ kan ni wọ́n wà nígbà tí ọmọ Sheffield kan farapa, tí aṣọ́lé wọn sì gbá bọ́ọ̀lù síta kí wọ́n lè tọ́jú rẹ̀. Ray Parlour ti Arsenal ni ó ju bọ́ọ̀lù náà wọlé. Apá ibi tí aṣọ́lé Sheffield wà ni ó jù ú sí, nítorí pé ó ń dá a padà fún wọn, àwọn Sheffield sì dúró láti gbà á. Kanu sáré tẹ̀lé bọ́ọ̀lù náà, ó lé e bá, ó gbé e wá sí àárín, Marc Overmars sì tì í wọ inú àwọ̀n.

Ariwo ta. Àwọn agbábọ́ọ̀lù Sheffield rọ́ lu rẹfirí. Steve Bruce, olùkọ́ wọn, ní kí wọ́n máa jáde bọ̀ nínú pápá. Ṣùgbọ́n kí ni rẹfirí fẹ́ ṣe? Kò sí òfin tí ẹnikẹ́ni rú. Bọ́ọ̀lù wà nínú pápá, a gbá a wọlé, ayò náà sì dúró. Arsenal ni ó borí, 2 sí 1.

Ara eré náà kò tíì tutù tí Arsène Wenger, olùkọ́ Arsenal, fi kéde pé ẹgbẹ́ òun ṣetán láti tún un gbá láti ìbẹ̀rẹ̀. Àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí i. Ní ọjọ́ 23 oṣù kan náà, wọ́n padà sí Highbury, wọ́n gbá a, Arsenal sì tún fi ayò 2 sí 1 borí. Bí a bá wo iye ayò nìkan, ó dà bí ẹni pé wọ́n kàn fi àárẹ̀ kún àárẹ̀. Ṣùgbọ́n Sheffield tí ó fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kejì kò ní ohun tí yóò pè ní ìrẹ́jẹ mọ́. Ó sì yẹ kí a kíyè sí ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ àtúnṣe náà: ẹgbẹ́ tí ó ti jẹ èrè ni, tí òfin ti dá láre, tí kò sí ilé ẹjọ́ tí ó lè gba èrè náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ti Kanu fúnra rẹ̀, kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n tí ó pè é ní oníjìbìtì. Ṣe ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí kò fura sí ohun tí gbogbo àwọn tí ó kù ti gbà láàárín ara wọn láìsọ̀rọ̀. Àwọn Yorùbá a máa wí pé àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ẹgbẹ́ tí wọ́n wà ní Kánò, Kàdúná, Jọ́ọ̀sì, Àbújá àti àwọn ìlú mìíràn tí kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá ju bí ó ti kan àwọn tí wọ́n wà nílé lọ. Àṣà tí a kò kọ sílẹ̀, ẹni tí a bá sọ ọ́ fún nìkan ni ó mọ̀ ọ́n. Ọ̀dọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Àkúrẹ́ dé lè má mọ̀ pé ní àdúgbò tí àwọn Mùsùlùmí pọ̀ sí, ẹni tí ó bá fi eré sí àkókò ìrun láìbi ẹnikẹ́ni léèrè ti tàbùkù àwọn onílé. Ó lè fi ọwọ́ òsì na omi sí ẹni tí kò gbà pé a ń fi ọwọ́ òsì fúnni ní nǹkan, kí ó sì máa ṣe kàyéfì pé ojú onítọ̀hún yí padà. Kì í ṣe ìwà búburú ni ó fà á. Àìsọ fún un ni, ẹ̀bi náà sì jẹ́ ti àwọn àgbà ẹgbẹ́ ṣáájú tirẹ̀.

Ewu tí ó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Bí ọmọ àdúgbò kan bá gbá ọmọ àdúgbò kejì lẹ́sẹ̀ nínú ìlú tí ẹ̀yà méjì ń gbé pọ̀, kò ní pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yóò fi kúrò ní «ẹni yìí ṣe é» tí yóò di «àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ṣe é». Àwọn tí kò wá wo bọ́ọ̀lù rárá a sì gbọ́ ọ ní ọjà lọ́jọ́ kejì. Nígbà náà, ọwọ́ tí ẹni tí ó gbá a lẹ́sẹ̀ bá nà sí i láti gbé e dìde kò tún jẹ́ ọ̀rọ̀ eré mọ́. Ó lè jẹ́ òun ni ó pa iná tí ì bá jó dé ilé ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ó ṣeni láàánú pé àwọn kan ti sọ àánú yìí di ọgbọ́n àrékérekè. Agbábọ́ọ̀lù tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń borí a ṣubú láìsí ẹni tí ó kàn án, kí àwọn alátakò lè gbá bọ́ọ̀lù síta kí àkókò sì máa lọ. Nítorí irú wọn ni àwọn olùkọ́ mìíràn ṣe ń sọ fún ọmọ wọn pé kí wọ́n máa gbá a lọ títí rẹfirí yóò fi fọn fèrè. Ẹni tí ó ń díbọ́n báyìí burú ju aláìlẹ́kọ̀ọ́ lọ, nítorí pé aláìlẹ́kọ̀ọ́ ba ọjọ́ kan jẹ́, ṣùgbọ́n òun mú kí a fura sí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dá ní tòótọ́ lọ́jọ́ mìíràn.

Ìwà rere tí ó kéré jù lọ lórí pápá, Yorùbá ní orúkọ fún un: pẹ̀lẹ́. Ó máa ń ya àwọn àjèjì lẹ́nu pé bí ẹnìkan bá fi ẹsẹ̀ kọ, Yorùbá tí ó jìnnà sí i, tí kò mọ nǹkan kan nípa òkúta náà, yóò pariwo «pẹ̀lẹ́ o!» Wọ́n rò pé ẹ̀bi ni ó ń jẹ́wọ́. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń jẹ́ kí onítọ̀hún mọ̀ pé ẹnìkan rí ìrora rẹ̀. Ọkùnrin kan tí kò gbọ́ Yorùbá rí ṣe ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn dúró fún ní Melbourne, ní orílẹ̀-èdè Ọsirélíà, ní oṣù Kẹta ọdún 1956. John Landy ni orúkọ rẹ̀. Òun ni ẹnì kejì nínú ìtàn tí ó sá eré máìlì kan láàárín àkókò tí kò tó ìṣẹ́jú 4. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, nínú ìdíje àpapọ̀ orílẹ̀-èdè wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Ron Clarke ṣubú níwájú rẹ̀ bí wọ́n ti ń sá ìyípo kẹta. Landy fò ó kọjá, ṣùgbọ́n ìṣó ìdí bàtà rẹ̀ ha Clarke lápá. Ó dúró. Ó padà sẹ́yìn lọ bá a, ó tọrọ gáfárà, ó wò ó bóyá kò sí nǹkan tí ó ṣe é. Àwọn tí ó kù ti lọ jìnnà kí ó tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, síbẹ̀ ó lé gbogbo wọn bá, ó sì borí. Lónìí, ère kan wà ní Melbourne tí ó ń fi ìṣẹ̀lẹ̀ náà hàn: ẹnìkan nílẹ̀, ẹnìkan ń na ọwọ́ sí i. Ìlú náà kò gbẹ́ ère ibi tí ó ti ń borí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Paolo Di Canio, ọmọ Ítálì tí ń gbá bọ́ọ̀lù fún West Ham, ṣe ní ọjọ́ 16, oṣù Kejìlá, ọdún 2000. Ayò kan sí ẹyọ kan ni wọ́n wà pẹ̀lú Everton, eré sì ti fẹ́ parí. Aṣọ́lé Everton wà nílẹ̀, orúnkún ń dùn ún, bọ́ọ̀lù sì ń bọ̀ wá bá Di Canio níwájú ilé. Ó fi ọwọ́ méjèèjì mú un, ó sì tọ́ka sí ẹni tí ó wà nílẹ̀. Àwọn òǹwòran Everton, tí wọ́n jẹ́ alátakò rẹ̀, ni wọ́n dìde pàtẹ́wọ́ fún un. A kò lè sọ pé onísùúrù ènìyàn ni Di Canio ní gbogbo ìgbà. Lọ́dún 1998, ó ti rẹfirí kan ṣubú lórí pápá, wọ́n sì fi òfin dè é fún ọ̀pọ̀ eré. Ìyẹn gan-an ni ó mú ìtàn rẹ̀ wúlò. Kò di dandan kí ènìyàn jẹ́ ẹni mímọ́ kí ó tó lè ṣe ohun tí ó tọ́ ní ìṣẹ́jú kan.

Ọ̀rọ̀ àwọn òǹwòran pàápàá tóbi ju ti àwọn agbábọ́ọ̀lù lọ, nítorí pé àwọn ni wọ́n pọ̀. Ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹta, ọdún 2022, ní pápá ìṣeré Moshood Abiola ní Àbújá, Nàìjíríà àti Gánà gbá ọ̀mì, ayò kan sí ẹyọ kan, Gánà sì gba àyè lọ sí ìdíje ife àgbáyé ní Kàtárì nítorí ayò tí wọ́n jẹ nílẹ̀ onílẹ̀. Àwọn òǹwòran ya wọ inú pápá, wọ́n ń fọ́ nǹkan, wọ́n ń ba àga àwọn arọ́pò jẹ́. FIFA bu owó ìtanràn lé àjọ bọ́ọ̀lù Nàìjíríà, wọ́n sì pàṣẹ pé kí Nàìjíríà gbá eré kan láìsí òǹwòran. Ìbànújẹ́ ọjọ́ náà yé ẹnikẹ́ni tí ó fẹ́ràn Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ilé ara wọn ni àwọn tí inú ń bí náà fọ́, owó ìlú ni a sì fi ń tún un ṣe.

Nínú ìdíje Kàtárì tí Nàìjíríà kò lè lọ yìí, ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, ohun mìíràn ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ 20, tí Ecuador fi ayò 2 sí òdo na àwọn onílé, àwọn ọmọ Japáànì kan wà láàárín àwọn tí ó wá wòran. Kì í ṣe orílẹ̀-èdè wọn ni ó gbá bọ́ọ̀lù. Nígbà tí eré parí, tí gbogbo ènìyàn ń lọ, wọ́n yọ àpò ọ̀rá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ìgò omi àti àjẹkù tí àwọn ẹlòmíràn jù sílẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ 3, Japáànì na Jámánì ní 2 sí 1. Yàrá tí àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn ti pààrọ̀ aṣọ ni wọ́n fi sílẹ̀ ní mímọ́ tónítóní, pẹ̀lú ẹyẹ kéékèèké tí wọ́n fi bébà ṣe, àti ìwé ìdúpẹ́ ní èdè Japáànì àti ti Lárúbáwá. Ẹni tí ó bá rò pé ayọ̀ ìṣẹ́gun ni ó fà á kò mọ ohun tí wọ́n ṣe ní ọdún 2018 ní Rọ́ṣíà. Wọ́n ti fi ayò 2 ṣáájú Belgium. Belgium dá a padà, ó sì gbá ẹ̀kẹta wọlé nígbà tí eré kù díẹ̀ kí ó parí. Ìjákulẹ̀ tí ó dùn wọ́n dé egungun nìyẹn. Síbẹ̀, wọ́n gbá yàrá wọn mọ́, wọ́n sì fi ìwé sílẹ̀ ní èdè Rọ́ṣíà: ẹ ṣé.

Kò sí iṣẹ́ ìyanu nínú rẹ̀. Ní ilé ẹ̀kọ́ Japáànì, àwọn ọmọ ni wọ́n ń gbá yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ wọn fúnra wọn láti kékeré, títí tí ọwọ́ fi mọ́ ọn. Àwọn àgbà Yorùbá tí wọ́n gbálẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ kí agogo tó lù ní àárọ̀ mọ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ìyàtọ̀ wà láàárín ohun tí a fi ọwọ́ kọ́ni àti ohun tí a fi pàṣán kọ́ni. Ní ọdún 1984, ìjọba ológun gbógun ti ìwà àìbìkítà, sójà sì fi pàṣán mú kí àwọn ènìyàn tò sórí ìlà ní ibùdókọ̀. Nígbà tí sójà kúrò níbẹ̀, ìlà túká ní ọ̀pọ̀ ibi.

Lọ́jọ́ 5, oṣù Kejìlá, tí Croatia fi pẹnárítì lé Japáànì kúrò ní Kàtárì, olùkọ́ wọn, Hajime Moriyasu, rìn lọ sí iwájú àwọn òǹwòran tí wọ́n ti ilé wá, ó sì tẹrí ba fún wọn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ́. Ẹni tí a bí sí ilẹ̀ tí ọmọkùnrin ti ń dọ̀bálẹ̀, tí ọmọbìnrin ń kúnlẹ̀, kò nílò ògbufọ̀ láti mọ ohun tí ó ń wí.

Kí ó má baà dà bí ẹni pé a ní kí gbogbo eré di ìsìn, ẹ jẹ́ kí a rántí ayò ọlọ́pọ́n. Nídìí ayò, ọ̀ta kì í bo ọ̀pẹ láṣìírí. A fi í ṣe yẹ̀yẹ́, a kọrin mọ́ ọn, a bí i bóyá ìyàwó rẹ̀ gbọ́ pé ó ti tún jẹ̀yà. Àwọn tí ó dúró tì wọ́n a sì máa bá a rẹ́rìn-ín. Èyí kò burú rárá, òun gan-an ni iyọ̀ eré. Ṣùgbọ́n ibi ọpọ́n ni ọ̀rọ̀ náà mọ. Ẹni tí ó bá gbé yẹ̀yẹ́ ìdí ayò dé ilé ọlọ́mọ lọ́jọ́ kejì ni àwọn àgbà a máa bá wí, nítorí pé bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́. Orin tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń ṣe alátakò lẹ́fẹ̀ẹ́ lórí pápá kò gbọdọ̀ mẹ́nu kan ẹ̀yà, ẹ̀sìn tàbí ìyá ẹnikẹ́ni. Ààlà náà kò ṣòro í rí.

Ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ kí ìdíje ọ̀dọ́ rẹ̀ rí báyìí kò nílò owó púpọ̀. Kí àgbà kan pe àwọn balógun ẹgbẹ́ méjèèjì jọ ṣáájú eré, kí ó sì sọ ọ́ lójú gbogbo wọn pé bọ́ọ̀lù tí a bá gbá síta nítorí ẹni tí ó farapa, dídá ni a óò dá a padà. Kí ẹni tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ mọ̀ ọ́n níbẹ̀. Kí wọ́n bi àwọn onílé ní àkókò tí ó rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Kí a gbé omi fún àwọn àlejò kí àwọn onílé tó mu. Rẹfirí ńkọ́? Kí àwọn olórí méjèèjì jọ kí i kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì tún jọ kí i nígbà tí ó bá parí, ìbáà ti ṣe ìdájọ́ tí ó dùn mọ́ wọn tàbí èyí tí ó bí wọn nínú. Bí ìgbálẹ̀ àti àpò ìdọ̀tí bá sì ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá láti àárọ̀, kò ní sí ẹni tí yóò máa wá wọn kiri nírọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn bá ti ń wọ̀, tí gbogbo ènìyàn sì ti ń múra ilé.